Ta Ló Ti Yàrá Ọjọ́rú Pa?

Dókítà Dulamjav kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní wọ́ọ̀dù kejì ilé ìwòsàn ńlá ìlú wa, Tsagaan-Ereg, lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kì í pa dé dáadáa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé ìwòsàn ti lẹ ìkéde mọ́ ògiri. Wọ́n ní ó kú lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Wọ́n ní òpó kan ti wó. Inú fọ́tò àjọyọ̀ kan ni wọ́n ti gé àwòrán rẹ̀ jáde, nítorí náà èjìká ọ̀gá àgbà bá a wà níbẹ̀, èjìká náà sì hàn ju ojú olóògbé lọ.

Mo dúró pẹ́ níwájú ìkéde náà. Mò ń wá ibi tí wọ́n ti dárúkọ iṣẹ́ tí obìnrin náà ṣe. Ohun tí mo rí ni pé "òṣìṣẹ́ ìlera" ni. Wọn ò parọ́. Ọkùnrin tó ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn náà, òṣìṣẹ́ ìlera ni.

Bí ògiri ò bá sọ ọ́, èmi á sọ ọ́. Dókítà tó ń tún egungun ọmọdé ṣe ni Dulamjav, òun nìkan la sì ní ní gbogbo ìpínlẹ̀ yìí, láti orí òkè títí dé aṣálẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yí wọnú, òun ló ń fi ẹfun dídì tí wọ́n ń fi wé ẹsẹ̀ tún un dà díẹ̀díẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà á fi kan ilẹ̀. Ọmọ tí kò rí oòrùn tó nígbà òtútù, tí egungun rẹ̀ rọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Tó bá di ìgbà Naadam, ọdún ńlá wa nígbà ooru, a máa ń gbé àwọn ọmọ kéékèèké gorí ẹṣin eré ìje, a sì máa ń pàtẹ́wọ́. Àwọn tó bá jábọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà là ń gbé wọn lọ. Ẹṣin la máa ń pàtẹ́wọ́ fún.

Ọ̀pọ̀ òbí ló sì ń gbé ọmọ tí nǹkan kan ò ṣe wá bá a. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí darandaran kan wa mọ́tò dé láti ọ̀nà jíjìn, ojú rẹ̀ pọ́n, ọmọ rẹ̀ ń sùn léjìká rẹ̀.

"Dókítà, àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ mi pẹlẹbẹ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Ṣé ó máa lè rìn?"

"Ẹ bọ́ bàtà yín."

"Èmi kọ́ lára mi ò yá o."

"Mo mọ̀. Ẹ bọ́ ọ."

Ọkùnrin náà bọ́ bàtà. Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fínnífínní bí ẹni tó fẹ́ rà á.

"Tiyín náà pẹlẹbẹ. Ṣé ó dí yín lọ́wọ́ dídé ibí?"

"Rárá."

"Kò ní dí òun náà lọ́wọ́. Ẹ lọ mu tíì, kí ẹ sùn díẹ̀ kí ẹ tó wakọ̀ padà. Ẹ̀yin lẹ nílò dókítà jù."

Bó ṣe rí nìyẹn. Ọmọ ọdún kan àtààbọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀, á ní kí wọ́n lọ máa fún un lóúnjẹ. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí orúnkún rẹ̀ ń gbá ara wọn, á ní kí wọ́n gbé e padà wá tó bá ti pé méje tí wọ́n ṣì ń gbá ara wọn. Wọn kì í sì í padà wá. Àwọn tó dá padà sílé láìfọwọ́ kàn pọ̀ ju àwọn tó fi abẹ kàn lọ. Ilé ìwòsàn wa kì í ka irú wọn mọ́ iṣẹ́. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa ń kà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ju ẹlòmíràn lọ nìyí. Ẹni tó bá mọ Jigmid tó ń kọ ojú ìwé yìí, ìrìn rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀. Mò ń tiro láti kékeré. Ìyá mi ni ìyá tó mọ ọmọ dì jù ní gbogbo àfonífojì wa. Láti àgọ́ dé àgọ́ ni wọ́n ti máa ń ránṣẹ́ pè é. Ohun kan wà nínú ìwà wa tí mi ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ẹṣin la fi ń yangàn, orí ẹṣin la ti ń dàgbà, síbẹ̀ ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù lórí ọmọ tuntun ni kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má lọ dà bíi ti ẹni tó ń gẹṣin. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti bí ọmọ, a ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, a ó pa wọ́n pọ̀, a ó fi awọ àgùntàn wé e, a ó sì fi okùn dì í níbi mẹ́ta. Ọmọ tí ìyá mi bá dì, o lè gbé e ti ògiri kí o sì lọ fún wàrà màlúù.

Egungun itan mi kúrò nínú ihò rẹ̀ ní ìbàdí. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn tí mò ń tiro, wọ́n ní mo fi ìrìn jọ bàbá bàbá mi. Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá bàbá mi náà, wọ́n dì í dáadáa ni.

Ohun tí Dulamjav bá wa jà nìyẹn, ibi tó sì ti bá a jà ni yàrá kan ní ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn, lọ́sàn-án gbogbo Ọjọ́rú. Yàrá Ọjọ́rú ni gbogbo ìlú ń pè é. Ẹni tó bá bímọ, kó gbé e wá kí wọ́n fi sikáànì wo ìbàdí rẹ̀. Bí oríkèé bá dúró ṣinṣin, ó di ilé. Bó bá ń yẹ̀, wọ́n á fi ìgbànú rírọ̀ kan ya ẹsẹ̀ ọmọ náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún oṣù mélòó kan, egungun á padà sí àyè rẹ̀, ó parí. Kò sí abẹ, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti dé ìgbà ìrìn kí wọ́n tó rí i, abẹ ló kù. Bí ọjọ́ bá tún lọ jùyẹn lọ, irú ìrìn tèmi ló kù. Kékeré la ti ń pa ẹ̀ka ìrókò; ìrókò ìbàdí ọmọ kì í sì í pẹ́ dàgbà.

Dókítà náà kì í pariwo mọ́ àwọn ìyá àgbà wa. Ẹni tó bá pariwo mọ́ wọn, wọ́n á gbé ọmọ wọn lọ sílé, wọ́n á sì tún fi okùn kan kún un. Ọgbọ́n mìíràn ló ń lò. Ó gbé gàárì ẹṣin ọmọdé kan lé orí bẹ́ǹṣì nínú yàrá náà. Ọjọ́ tí ìyá àgbà Handsuren, aládùúgbò mi, gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dé ibẹ̀, èmi ni mo tẹ̀lé e lọ. Ó ti dì í tán bó ṣe yẹ.

"Ìyá, kí lẹ gbé dání yìí?" ni Dókítà bi í. "Ọmọ ni, àbí ìbọn?"

"Ọmọ ni."

"Ó le bí ìbọn. Ẹ̀yin lẹ dì í?"

"Ta ni ì bá tún dì í? Mo ti dì mẹ́jọ ṣáájú rẹ̀."

"Mélòó ló ń tiro nínú wọn?"

Handsuren ronú. "Méjì. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ti di olórí àdúgbò."

"Ó káre. Ṣé ẹ máa ń gẹṣin?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Etí ẹṣin ni ìyá mi bí mi sí."

"Ẹ jókòó sórí gàárì yẹn, kí n rí i."

Arúgbó náà ká deel, ẹ̀wù gígùn rẹ̀, sókè, ó gun gàárì orí bẹ́ǹṣì náà, ó ya ẹsẹ̀, ó sì jókòó bí ọba.

"Ẹ wá pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ báyìí. Ẹ nà wọ́n."

"Mà á jábọ́ nìyẹn."

"Ìyá, egungun ọmọ yìí náà ń jábọ́. Kò kàn lẹ́nu tó lè fi sọ ọ́ ni."

Handsuren ò sọ̀kalẹ̀. Ó wo ọmọ náà, ó tún wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ṣé kí n má dì í mọ́ ni? Ẹ fẹ́ kí òtútù pa á?"

"Ẹ dì í. Láti èjìká dé ìdodo, ẹ dì í bó ṣe wù yín, ẹ kọrin sí i. Láti ìdodo wá sísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa gẹṣin."

Ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú yàrá yẹn, ó wọ inú àgọ́ dé àgọ́. Àwọn obìnrin tí wọn ò rí Dókítà rí ń sọ fún ara wọn létí ààrò pé, "Jẹ́ kó gẹṣin o." Ìjọba ti ná ohun tí mi ò fẹ́ mọ iye rẹ̀ sórí ìlànilọ́yẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Obìnrin kan, pẹ̀lú gàárì ọmọdé, ló tú okùn ìsàlẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ kan.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àìsàn ráńpẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ to egungun tó dá, àfi kó máa wo inú ara bó ṣe ń tò ó. Ẹ̀rọ ẹ̀ksíreè ló fi ń wò ó, ìtànṣán ẹ̀rọ náà sì ń ba ara jẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ ẹ̀wù òjé nídìí rẹ̀. Ilé ìwòsàn wa ní ẹ̀wù òjé méjì. Ọ̀kan dára. Èkejì ti sán káàkiri, nítorí orí ìṣó ni wọ́n ń fi kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti rà á. Ìyá tó bá di ọmọ rẹ̀ mú nígbà tí wọ́n ń tò ó ni Dókítà máa ń gbé ẹ̀wù tó dára wọ̀. Èyí tó sán ni òun máa ń wọ̀.

Mo jókòó sí ìpàdé ọjọ́ Ajé wọn nígbà kan, torí mo fẹ́ kọ ìròyìn nípa ilé ìwòsàn. Ọ̀gá àgbà, Dókítà Galsandorj, ló wà lórí àga. Dókítà eyín ni kó tó di ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ̀wù òjé," ni Dulamjav wí.

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Ó ti sán."

"Gbogbo wa la ti sán, Dókítà." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. "Ọdún tó ń bọ̀, ó wà nínú ètò."

"Ọdún tó kọjá, ẹ ní ó wà nínú ètò."

"Kò tíì kúrò nínú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé a ò gbàgbé?"

Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé ẹṣin idẹ kan wá síwájú ilé ìwòsàn, tó gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, tí iná ń tàn sí i lára láti abẹ́. Ẹṣin tó dára ni. Ó lè fara da ìtànṣán èyíkéyìí tí wọ́n bá tàn sí i. Àwa la ní òwe pé kí èèyàn má fi ètè sílẹ̀ kó máa pa làpálàpá, ṣùgbọ́n bóyá òwe náà ò kan àwọn tó ní làpálàpá tó ń dán.

Èmi kì í ṣe dókítà. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìtànṣán yẹn ló sọ ẹ̀jẹ̀ Dulamjav di ohun tó dà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló pa á. Pé ó ti ń rẹ̀ ẹ́ láti ìgbà pípẹ́ kó tó dùbúlẹ̀. Pé ó ń gbé àga wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kó lè máa jókòó ṣe é. Gbogbo ilé ìwòsàn ló rí àga náà. Báwo ni ẹni tó kọ ìkéde yẹn ṣe wá wọn àìsàn náà tó fi jẹ́ ráńpẹ́? Àbí àìsàn kì í bẹ̀rẹ̀ títí ọ̀gá á fi gbọ́?

Mo lọ wò ó nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ ti ń pé. Mo gbé wàrà gbígbẹ dání, èyí tí kò lè jẹ.

"Ẹ̀gbọ́n Jigmid," ó ní, "mo ti gbọ́ ìró ìrìn yín láti orí àkàsọ̀. Ẹ bá mi jókòó, ẹ ń dààmú oríkèé mi."

"Bí mo bá mọ̀ pé o máa bú mi, ǹ bá ti jẹ wàrà náà lójú ọ̀nà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìyẹn sì rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ ẹ̀wù òjé. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní Dókítà Temuulen, ọ̀dọ́mọkùnrin tí òun fọwọ́ ara òun kọ́ nídìí sikáànì náà, ti mọṣẹ́ tán. Kí wọ́n ṣáà fi Ọjọ́rú sílẹ̀ fún un.

"Ṣé o ti sọ fún ọ̀gá?"

"Mo sọ. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, kí n sinmi."

"Kí lo wá sọ?"

"Kí ni kí n sọ? Mò ń sinmi."

Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, ó sì ń bí mi títí dòní. Obìnrin kan ń kú lọ, kò tọrọ ìwòsàn, kò tọrọ oyè. Yàrá kan ló tọrọ, àti ọ̀sán kan láàárín ọ̀sẹ̀.

Kí erùpẹ̀ orí ibojì rẹ̀ tó gbẹ, wọ́n ti yí pátákó ẹnu ọ̀nà yàrá náà padà. Ọ́fíìsì Ìgbìmọ̀ Àjọ̀dún ni báyìí, torí ilé ìwòsàn wa fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí. Mo yọjú wo inú rẹ̀. Wọ́n fi aṣọ tábìlì bo ẹ̀rọ sikáànì, wọ́n sì gbé òdòdó oníke lé e lórí, ó sì bá ibẹ̀ mu. Gàárì ọmọdé náà wà lẹ́yìnkùlé, níbi tí wọ́n ń kó èédú sí. Dókítà Temuulen wà ní ẹ̀ka pàjáwìrì, ó ń rán ojú ọgbẹ́ fún àwọn ọ̀mùtí. Mo gbọ́ pé ó ń rán an dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ọ̀gá Galsandorj ránṣẹ́ pè mí. Ó na ìgò aáṣáà rẹ̀ sí mi, mo na tèmi sí i, a fín in, a dá a padà. Wọ́n gbé tíì oníwàrà wá, iyọ̀ inú rẹ̀ ṣe déédéé. Ọkùnrin náà mọ àlejò ṣe. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ kọ láàárín wa. Ẹ bá wa kọ nǹkan tó dùn nípa Dókítà. A fẹ́ gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún."

"Ère Dulamjav?"

"Ère ìyá àti ọmọ. A ó kọ orúkọ Dulamjav sábẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó."

Ó tẹ́ àwòrán náà sílẹ̀ níwájú mi. Ìyá kan ló dúró níbẹ̀, ó rẹwà, ó gbé ọmọ dání. Wọ́n di ọmọ náà láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, pẹ̀lú okùn níbi mẹ́ta. Ìyá mi ì bá fọwọ́ sí i.

"Ẹsẹ̀ ọmọ yìí ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ó wà nínú ibẹ̀."

"Wọ́n nà án."

"Wọ́n nà án dáadáa. Oníṣẹ́ ọnà náà mọṣẹ́. Ẹ wo okùn yẹn, bíi pé èèyàn lè tú u."

"Ọ̀gá, ẹ ò rí nǹkan kan níbẹ̀?"

Ó yẹ àwòrán náà wò. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà.

"Ṣé ojú ìyá náà ni? Èmi náà sọ fún wọn pé ó ti gbó jù."

Mo wò ó bóyá ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Ọkùnrin náà kò ṣẹ̀fẹ̀ rárá. Ó bu tíì kún tèmi. Gbogbo ọdún tí obìnrin náà fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ó dá mi lójú pé kò fi ọ̀sán Ọjọ́rú kan ṣoṣo sọ̀kalẹ̀ lọ wo ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ohun tí obìnrin náà fi gbogbo ayé rẹ̀ tú ni wọ́n fẹ́ fi idẹ dì padà, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Òwe ìbànújẹ́ ni mo máa ń pè é tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ̀ pé àwọn kan ń lò ó gẹ́gẹ́ bí ètò iṣẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ti ère nìkan ni, ǹ bá fi tíì yẹn pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Òkú ò mọ iye tí à ń ra àgọ̀. Àmọ́ alààyè kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Egshiglen lorúkọ rẹ̀, Egshig là ń pè é, ọmọ ọmọ Handsuren ni. Ẹ̀yìn ìsìnkú Dókítà ni wọ́n bí i. Handsuren dì í lókè, ó jẹ́ kó gẹṣin nísàlẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí oríkèé wọn máa ń yẹ̀ bó ti wù ká dì wọ́n, ìdí sì nìyẹn tí Dókítà fi ní kí wọ́n máa gbé gbogbo wọn wá. Nígbà tó ń pààrọ̀ aṣọ ìdí ọmọ náà, arúgbó rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ń yà, ti òsì ò yà.

Ó gbé e lọ ní Ọjọ́rú. Ó bá pátákó tuntun lẹ́nu ọ̀nà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pè mí wọ inú àgọ́ rẹ̀, ó bu tíì fún mi, kò sì mu tiẹ̀.

"Jigmid, ìwọ tó o mọ̀wé, bá mi túmọ̀ ohun tí wọ́n sọ. Ọmọbìnrin tó jókòó síwájú ní kí n gbé e padà wá tó bá ń rìn, káwọn wò ó bóyá á tiro."

"Kí lo wá sọ fún un?"

"Mo ní, ọmọ mi, tó o bá gbóòórùn èéfín nínú àgọ́, ṣé wàá jókòó títí á fi jó tán kó o tó mọ̀ pé iná ni? Ó ní òun ò mọ ọ̀rọ̀ iná, pé ẹ̀ka mìíràn ni."

"Temuulen ńkọ́?"

"Mo lọ bá a níbi tó ti ń rán àwọn ọ̀mùtí ẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án nínú ọ̀ọ̀dẹ̀. Ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní ó ti yẹ̀. Ó ní òun ò lè so ìgbànú yẹn láìfi ẹ̀rọ wo ibi tórí egungun wà. Ó lọ tọrọ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀."

"Ṣé wọ́n fún un?"

"Wọ́n ní kí àjọ̀dún kọjá ná."

Olú-ìlú ńkọ́? A bi ilé ìwòsàn ibẹ̀. Ẹ̀yìn Naadam ló kàn án. Ní ẹ̀yìn Naadam, Egshig á ti máa di ẹsẹ̀ tábìlì mú dìde, ìgbànú á sì ti kọjá lórí rẹ̀. Lónìí, ìgbànú rírọ̀ ni. Nígbà yẹn, abẹ ni. Láàárín méjèèjì, ohun tó dúró ni kọ́kọ́rọ́ kan, àti òdòdó oníke tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé kúrò lórí ẹ̀rọ.

Nítorí náà, Ọ̀gá Galsandorj, ohun dídùn tí ẹ ní kí n kọ nìyí. Mi ò ní kí ẹ má ṣe ère. Ẹ ṣe é, àmọ́ ẹ tú ọmọ tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó dárúkọ obìnrin náà sí i. Ẹ yọ "àìsàn ráńpẹ́" kúrò lára ògiri yín, kí ẹ kọ orúkọ àìsàn náà síbẹ̀, kí ẹ sì kọ iṣẹ́ tó ṣe sábẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún wa ẹni tó yẹ kó ra ẹ̀wù òjé tí kò rà á, torí èyí tó sán yẹn ṣì wà lórí ìṣó rẹ̀, Temuulen ló sì ń wọ̀ ọ́ báyìí, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni. Ẹ ṣí yàrá náà fún un. Ẹ dá Ọjọ́rú rẹ̀ padà fún un.

Kí ẹ sì sọ fún wa, lórúkọ, ẹni tó ti yàrá náà pa. Kì í ṣe "ìgbìmọ̀." Ìgbìmọ̀ kì í fọwọ́ yí kọ́kọ́rọ́. Ẹnì kan ló yí i.

Ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ní ọ̀sán, èmi àti Handsuren á wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, a ó sì gbé Egshig dání. A ò bá tìjà wá. Kí ẹni tó yí kọ́kọ́rọ́ náà jáde sí wa. Kó fi ọwọ́ tó fi yí i di ẹsẹ̀ òsì ọmọ náà mú, kó rọra yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí á fi rí ibi tó dúró sí. Lẹ́yìn náà, kó wo ojú ìyá àgbà rẹ̀, kó sì sọ fún un pé kí ó dúró dìgbà tí àjọ̀dún bá kọjá.